Bí A Kò Bá Rí Àdàn: Ìtàn Wíwá Ẹ̀yà Ara fún Sítẹ́rìò Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìperu, ní Ìṣarà àti ní Òde Rẹ́mọ. Sẹ́ẹ̀tì sítẹ́rìò ni. Bàbá ni ó rà á, ó ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n ti ta aṣọ funfun lé e lórí, wọ́n sì ti gbé fọ́tò ìgbéyàwó sórí aṣọ náà. Àwọn àwo orin àpàlà àti ti sákárà wà nínú àpótí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò fọhùn mọ́. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ó pa á, àwọn ará ilé yóò ní, "Ó ti bàjẹ́ ni, wọn kò rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́."

Gbólóhùn yìí, "wọn kò rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́," ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ó ní ìtàn lẹ́yìn. Bí a bá sì tọ ìtàn náà dé ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, a ó rí i pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ kì í ṣe ẹ̀yà ara náà, bí kò ṣe ìmọ̀ iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sẹ́ẹ̀tì náà jẹ́. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń hó jáde lára àwo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí ó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti sípíkà, èyí tí à ń pè ní aḿpílífáyà, ni ó ń fi agbára iná ilé sọ ohùn kékeré náà di ńlá. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí Ṣágámù ti jẹ́ àkójọ ìlú 13 láti ọdún 1872, tí Ọ̀fin ní ipò tirẹ̀, tí Mákun ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aḿpílífáyà ti jẹ́ àkójọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà kéékèèké, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ bá kú, gbogbo ilé á dákẹ́.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tí ń wá ẹ̀yà ara kiri. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, onílé á sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Sípíkà nìkan ni ó wà nínú àpótí náà. Aḿpílífáyà wà ní ibùdó ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹni tí ó ni ilé kò ní ẹ̀rọ.

Ọmọ ilẹ̀ Rẹ́mọ wà nínú àwọn tí ó yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó sì dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Nígbà tí òfin 1954 gba ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú un lò, ó sì ṣí tẹlifíṣàn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 October 1959. Rédíò tirẹ̀ náà tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ yẹ kí ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ ra ẹ̀rọ tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí ó lè yí sí ibi tí ó bá wù ú.

Owó náà sì wà. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ilẹ̀ obì gbàǹja. Àwọn Hausa tí wọ́n tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣágámù ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Owó obì àti owó kòkó ni ó ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíógírámù tí wọ́n ń tà ní Kingsway àti ní UTC nígbà náà, àwọn àpótí onígi dídán tí rédíò àti ẹ̀rọ ìkọ́wo jọ wà nínú wọn. Fáàfù ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìgò kékeré ni fáàfù, wáyà tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Ihò ni wọ́n kì í bọ̀, bí a ti ń ki gílóòbù bọ ojúhò rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá kú, kò sí wàhálà ńlá: ẹ ó fà á yọ, ẹ ó ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, ECC83 tàbí EL84, ẹ ó sì lọ ra irú rẹ̀. Yálà Philips ni ó ṣe sẹ́ẹ̀tì náà tàbí Grundig, orúkọ kan náà ni. Ẹni tí ó mọ̀wé kà lásán lè ra ẹ̀yà ara nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró. Ní December 1947, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ti ṣe tìràǹsísítọ̀, ohun kékeré tí ó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù láìní ìgò, láìgbóná tó o, tí kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwo sítẹ́rìò bẹ̀rẹ̀ sí jáde, èyí tí ó ya ohùn sọ́tùn-ún àti sósì. Nígbà tí ó máa fi di àwọn ọdún 1970, àwọn ará Japan ti pa méjèèjì pọ̀. Sansui, Pioneer, Akai, Kenwood àti Technics di orúkọ tí ọmọdé mọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí dára, ohùn wọn sì lágbára, ṣùgbọ́n tìràǹsísítọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fà yọ bí fáàfù. Òjé yíyọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó rẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yan irú tí ó wù ú.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Udoji. Ní December 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá, wọ́n sì san èyí tí ó ti kọjá pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Tísà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, olúkúlùkù gba owó tí kò gbà rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ra alùpùpù, ọ̀pọ̀ ra fíríìjì, ọ̀pọ̀ sì ra sítẹ́rìò. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀tì tí ó dákẹ́ sí pálọ̀ wa lónìí, kì í ṣe díẹ̀ ni owó Udoji rà.

Ohun kan wà ní àkókò náà tí a kò fiyè sí tó. Òfin 1972 tí ó yà àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà dárúkọ iṣẹ́ títo rédíò, rédíógírámù, tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tí àjèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe mọ́. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin náà ti là á: títò nìkan ni, èyí tí kò ní ṣíṣe ẹ̀yà ara nínú. A gba àpótí, a gba pátákó, a gba ìdè. Ṣùgbọ́n tìràǹsísítọ̀ àti kàpásítọ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun. Níwọ̀n ìgbà tí náírà lágbára, kò sí ẹni tí ó bìkítà.

Ìgbà náà kò pẹ́. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀. Ní April 1982, ìjọba Ààrẹ Shagari ṣe òfin tí ó dín ohun tí a ń kó wọlé kù. Ní September 1986, nígbà tí wọ́n dá ọjà owó òkèèrè sílẹ̀, dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ kọjá náírà 4 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà ara tí olówó ń kó wọlé di ohun tí apá kò ká. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ṣe àwọn sẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí kógbá sílé. Sansui tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 wọ gbèsè dé ojú ikú ní 2014. Sanyo, tí ó ń ṣe àwọn ẹ̀yà tí à ń pè ní STK, nínú èyí tí odindi aḿpílífáyà wà nínú ohun kan tí kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ, ti ta apá iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní 2011.

Kí ni àwọn oníṣẹ́ rédíò wa ṣe? Wọ́n ṣe bí àwọn àgbà ti wí: bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ọ̀nà kìíní tí wọ́n tọ̀ ni òkú sẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ tábìlì oníṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí òkìtì wọn: èyí tí àrá pa, èyí tí iná NEPA jó, èyí tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbà. Nínú wọn ni ọ̀gá ti ń yọ ohun tí ó ṣì wà láàyè. Ọ̀nà kejì ni Èkó. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ti di ibi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ra ẹ̀rọ. Ọ̀nà Ìkòròdú kò jìn sí ará Ṣágámù, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 sì tún gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Oníṣẹ́ rédíò á so ẹ̀yà tí ó kú mọ́ etí aṣọ, á mú un lọ bí àpẹẹrẹ, á sì máa béèrè láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ọ̀nà kẹta ni fífi òmíràn rọ́pò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Òòbẹ̀ tí a fi ń rọ́pò àdàn, ó kúkú jọ àdàn. Òwe náà kò ní kí a fi adìyẹ rọ́pò rẹ̀. Kí ni a ó fi mọ òòbẹ̀ nínú ẹ̀rọ? Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Èkíní ni orúkọ. Lára tìràǹsísítọ̀ kan ẹ lè rí C1815. Ẹni tí kò mọ̀ á wá C1815 títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni 2SC1815. Àwọn ará Japan kì í kọ 2S náà sí i lára nítorí àyè. Toshiba tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti ṣíwọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ṣe irú rẹ̀. Bí kò bá sì sí, BC547 ti àwọn ará Yúróòpù lè ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ ibi tí iná ibẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò tò bákan náà. Ẹsẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ni ó wà lára èkejì. Ẹni tí kò mọ èyí á kì í bọ̀ bó ti rí i, ẹ̀rọ kò ní fọhùn, yóò sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Èkejì ni agbára. Kò sí oníṣẹ́ rédíò tí kò mọ 2N3055, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wọ ẹ̀wù irin. Ó gba áḿpìà 15, ṣùgbọ́n fóòtì 60 ni òpin tí ó lè fara dà. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé sẹ́ẹ̀tì kan ń fi fóòtì 45 ṣiṣẹ́ lókè àti 45 nísàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Bí ẹnìkan bá fi 2N3055 síbẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò kọrin. Yóò kọrin jẹ́jẹ́ láàárọ̀, olówó rẹ̀ yóò sì sanwó tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní alẹ́ ọjọ́ àríyá, nígbà tí wọ́n bá yí ohùn sókè, tìràǹsísítọ̀ náà yóò jó, ó sì lè mú sípíkà dání lọ. Irú MJ15003, tí ó lè fara da fóòtì 140, ni ó yẹ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì jọra lójú bí ìbejì, ẹ̀wù kan náà ni wọ́n wọ̀; iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe ni kò dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni kàpásítọ̀, àwọn tí ó dà bí agolo kékeré. Omi òògùn wà nínú wọn, ooru sì ń gbẹ ẹ́ lọ́dọọdún, bóyá a lo ẹ̀rọ náà bóyá a kò lò ó. Bí sẹ́ẹ̀tì bá ń kùn hùn-ùn bí oyin, wọn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí ẹ ó fi rọ́pò gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n kan náà. Fóòtì tí a kọ sí i lára lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i láéláé. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú, nítorí ó lè bú gbàmù.

Ẹ ti rí i báyìí pé ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe "Níbo ni mo ti lè rí irú èyí rà?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni "Kí ni èyí ń ṣe níbẹ̀? Iná mélòó ni ó ń fara dà? Ẹsẹ̀ wo ni ó wọ ihò wo?" Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà kan kò wọ ọjà fún un mọ́.

Àìmọ̀ ìbéèrè yìí ni ó sì ṣílẹ̀kùn fún ayédèrú. Nígbà tí ẹ̀yà ara ṣọ̀wọ́n, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí ha orúkọ kúrò lára èyí tí kò níye lórí, wọ́n sì ń tẹ orúkọ olówó iyebíye sí i. Ayédèrú 2N3055 wà tí ẹ̀wù rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan bí ẹ bá fi ayùn là á wò. STK ayédèrú wà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣọ́ra. Wọn kì í ki ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe bọ iná lásán. Gílóòbù oníwáyà àtijọ́, 60 wáàtì tàbí 100, ni wọ́n ń fi sáàárín iná àti ẹ̀rọ. Bí gílóòbù náà bá mọ́lẹ̀ wò tí kò sì rọlẹ̀, àrùn ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá mọ́lẹ̀ fìrí tí ó sì rọlẹ̀, ara ti dá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà olówó gọbọi ni gílóòbù kan ti gbà lọ́wọ́ ikú. Àwọn gílóòbù tuntun tí kì í jẹ iná kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹ má ṣe jù ti àtijọ́ nù tán. Mo sì bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò fíúsì. Fíúsì ni ó yẹ kí ó kú kí ilé má baà jó.

Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn yìí. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé bí ẹ̀rọ bá ti dàgbà tó ni ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò ti ṣòro rí tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Mullard ní Blackburn ní Ìlú Ọba ṣíwọ́ fáàfù ṣíṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà, Slovakia àti China ń ṣe ECC83 àti EL84 títí di òní, nítorí pé àwọn onígìtá kárí ayé kò fi fáàfù sílẹ̀. Rédíógírámù bàbá-bàbá lè rí ẹ̀yà tuntun, nígbà tí sẹ́ẹ̀tì oní-STK ti 1985 lè má rí. Bí tìràǹsífọ́mà bá sì jó, ẹni tí ń wé wáyà mọ́tò iná nílé wa lè tún un wé, bí ó bá fi sùúrù ka iye ìgbà tí wáyà àtijọ́ yí i po. Ohun tí a pín sí wẹ́wẹ́, tí a lè rí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó ń pẹ́ láyé. Èyí tí a dì pọ̀ sí ojú kan, tí ẹnikẹ́ni kò lè wo inú rẹ̀, ọjọ́ tí olùṣe rẹ̀ bá ṣíwọ́ ni ó kú.

Kí ni ó wà nínú ewu báyìí? Ní ayé òde òní, ìwé tí ó sọ agbára àti ẹsẹ̀ tìràǹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ọ̀gá kan fi ogún ọdún kọ́, ọmọdé lè kà á lórí fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún ni bí òjé tí ó jinná ti ń dán yàtọ̀ sí èyí tí kò jinná, tàbí bí òórùn tìràǹsífọ́mà tí ó fẹ́ jó ti rí. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ìyẹn, lọ́dọ̀ ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá náà sì ń dàgbà, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti yà sí títún fóònù ṣe, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bá lọ láìfi ẹni sílẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ara ayé lè wà ní Alábà, sẹ́ẹ̀tì wa kò ní fọhùn. Ohùn Haruna Ishola ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti Yusuf Ọlátúnjí ti Abẹ́òkúta tí ó wà nínú àwo tí bàbá fi owó obì rà yóò sì di ohun tí a kò lè fi ohun èlò ilé ara wa gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkà mi, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má ṣe gbé òkú sẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ rédíò, nítorí ìyè òmíràn lè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe, ẹ sọ pé kí ọ̀gá kọ orúkọ ẹ̀yà tí ó yọ àti ti èyí tí ó fi sí i sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, ẹ pe ọ̀gá oníṣẹ́ rédíò kan wá sí kíláàsì yín lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé òkú ẹ̀rọ kan dání, kí ó sì là á níwájú wọn.

Àdàn lè tán nínú igbó. Ẹni tí ó mọ òòbẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tán láàárín wa. Ó dìgbà mìíràn o.